Bátìrì àti Sìlóò: Bí Àìsàn Méjì Ọkọ̀ Akẹ́rù Ṣe Di Ọ̀kan

Láti ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti di irinṣẹ́ òwò ní ilẹ̀ Yorùbá ni oníṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń pín ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́: mẹkáníìkì, tí ó ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti bíréèkì, àti ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ tí iná, wáyà, bátìrì àti gbogbo ohun tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìjọba kọ́ ló pa ìpín yìí láṣẹ, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbé e kalẹ̀. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ti jáde, nítorí pé nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, àìsàn ẹ́ńjìnnì àti àìsàn bátìrì kì í sábà pàdé. Ìbéèrè tí awakọ̀ òde òní ń gbé wá sí ilé mẹkáníìkì, pé kí ló dé tí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá kí bátìrì rẹ̀ tó kú fi ń gbọ̀n, tí ó sì ń fẹ́ kú lórí ìdúró lẹ́yìn tí a ti gbé bátìrì tuntun sí i, kò lè ti ẹnu awakọ̀ Bedford, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, jáde, nítorí pé nígbà tirẹ̀, odi tí ó wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì kò tíì wó.

Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ tí a lè sọ agbára padà sínú rẹ̀, ní 1859, nígbà tí ó ri òjé bọ inú àsíìdì. Camille Faure, tí òun náà jẹ́ ará Faransé, tún un ṣe ní 1881 débi pé ilé iṣẹ́ lè máa ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Síbẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò gbára lé bátìrì láti gbéra. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a kì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì ni a fi ń yí i, ewu ńlá sì ni, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè dá ọwọ́ ẹni tí ó ń yí i. Ìgbà tí Charles Kettering ṣe ẹ̀rọ ìgbéra oníná, tí Cadillac sì fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ fún 1912, ni bátìrì tó gba iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ ọ́n mọ́: kí ó jí ẹ́ńjìnnì, kí ó tan iná, kí dáínámò sì dá ohun tí ó ná padà fún un nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Bedford, tí iléeṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1931, ni ó di ìyá àwọn bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ tí àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ń fi pákó kan ara rẹ̀ kí ó lè gbé kòkó, iṣu àti ènìyàn pọ̀. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, àwọn oníṣòwò bíi Salami Agbájé ti Ìbàdàn ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, nítorí náà àwọn tí ó ń tún un ṣe kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Bí bátìrì Bedford bá kú lójú ọ̀nà, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í, awakọ̀ á sì fi jíà gbá a jí. Bí ó bá ti jí tán, ọ̀rọ̀ bátìrì parí, nítorí pé kò sí ohunkóhun tí ẹ́ńjìnnì náà fi sí ìpamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Sìlóò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dá mí nígbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sí lórí tọ́tù, ọwọ́ kábúrétọ̀ ló wà. Kábúrétọ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ń po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ìdè kékeré méjì ni a sì fi ń pa á láṣẹ: ọ̀kan kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ rẹ̀ tì pátápátá, èkejì ń díwọ̀n epo tí ó ń kán wọlé. Mẹkáníìkì á ki sukurudiráfà bọ̀ ọ́, á yí i díẹ̀, á dẹ etí, á tún dá a padà ní ìdajì, títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi tẹ́jú. Ọdún mélòó kan ni ọmọ iṣẹ́ fi ń dúró ti ọ̀gá kí etí rẹ̀ tó mọ ohùn tí ó yẹ, kí ó sì tó gba òmìnira. Ìmọ̀ yìí pọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, àdánù gidi ni èyí sì jẹ́ fún ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ríwáyà ń ṣáájì bátìrì, ó ń bu omi kún un, ó sì ń fi ìgò tí ìwọ̀n ń léfòó nínú rẹ̀ wo bí àsíìdì ti lágbára tó. Kò ní ìdí kankan láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí ó yí èyí padà kò ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Èéfín ọkọ̀ ti bo àwọn ìlú California débi pé ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin líle lórí afẹ́fẹ́ ní 1970, ó sì ṣòro fún kábúrétọ̀ tí a ń fi ìdè yí láti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Iléeṣẹ́ Bosch ti Jámánì ti gbé ètò kan jáde ní 1967, èyí tí iná mànàmáná fi ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n. Nígbà tí yóò fi di 1985, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti wọ F-150, ọkọ̀ akẹ́rù Ford tí ó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní bírénì bọ́ọ̀kìsì, ni ó ń pàṣẹ fún un.

Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ a máa tì nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí tọ́tù, afẹ́fẹ́ sìlóò sì ń gba ojú ọ̀nà kótópó kan tí fáàfù oníná ń ṣí, tí ó sì ń pa dé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èérí dúdú a máa dì mọ́ etí ìlẹ̀kùn náà, afẹ́fẹ́ tí ó ń yọ́ gbà níbẹ̀ a sì máa dín kù. Kọ̀ǹpútà rí i pé ẹ́ńjìnnì ń rẹ̀, ó ṣí fáàfù sí i, ó sì fi ìwọ̀n tuntun náà pamọ́ kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ibi ìpamọ́ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: iná bátìrì ni ó ń gbé e ró tọ̀sántòru, kódà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò awakọ̀. Nígbà tí bátìrì bá kú, ìwọ̀n tí a kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ á pa rẹ́, kọ̀ǹpútà á sì padà sí ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ fún un nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣì mọ́ tónítóní. Afẹ́fẹ́ kò tó mọ́, ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń kú sójú iná pupa. Bátìrì kò ba nǹkan kan jẹ́; ó kàn tú àṣírí èérí tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹni tí kò bá mọ èyí á pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, á pààrọ̀ pọ́ńpù epo, owó ọlọ́kọ̀ á sì ṣòfò. Ìtọ́jú tí ó bá ìtàn náà mu kò le. A ó kọ́kọ́ wò bí orí bátìrì bá mọ́, tí ó sì mú dáadáa, bí bátìrì bá ní fóòtì 12.6 nígbà tí ó sinmi, àti bí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ó gba iṣẹ́ dáínámò, bá ń gbé e dé nǹkan bí 14 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó nu èérí kúrò létí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, tí a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó sì dúró ní sìlóò fún ìṣẹ́jú mélòó kan, láì fi sí jíà, lẹ́yìn náà nínú jíà, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn àti ní pípa. Ìwé tí Ford ń fún ọlọ́kọ̀ sọ pé kí a wá wà á ní ó kéré tán máìlì 10, ìyẹn kìlómítà 16, kí kọ̀ǹpútà lè tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Sùúrù ni ó gba ipò sukurudiráfà.

Ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 1986 já iye náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè rà, tòkunbọ̀ sì gba títì. Báyìí ni ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà ṣe dé ọwọ́ àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lórí kábúrétọ̀, tí bírénì bọ́ọ̀kìsì àlòkù sì di ọjà ní Ládípọ̀, ní Mushin. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ di dandan ní 1996 pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ní ojú ihò kan náà tí a ti lè bi kọ̀ǹpútà wọn léèrè àìsàn, ríwáyà, tí ó mọ wáyà, ni ó kọ́kọ́ yá lára láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń bi í. Bí sìlóò ṣe kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì nìyí, kì í sì í ṣe láìsí àríyànjiyàn, nítorí èérí tí ó wà nídìí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ṣì jẹ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọlọ́kọ̀ a sì máa sanwó fún àwọn méjèèjì.

Ìyípadà náà kò dé ibi gbogbo. Mercedes 911 onídísẹ́lì, tí ó ti ń fa pákó àti yanrìn láti ọjọ́ pípẹ́, kò ní kọ̀ǹpútà. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, títì ni wọ́n ṣì ń tì í. Àwọn ọkọ̀ tuntun pẹ̀lú ti ń fi púpọ̀ nínú ìwọ̀n wọn sí ibi ìpamọ́ tí kò nílò iná bátìrì. Àwọn tí ó wà láàrin méjèèjì ni ríwáyà tí ó já fáfá ń fún ní bátìrì kejì, tí ó ń fi wáyà so mọ́ wọn kí ó tó tú ògbólógbòó kúrò, kí ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ti kó jọ má baà pa rẹ́.