Ohùn Tí Àtúntẹ̀ Gbé Dé: Ìdájọ́ Àwo Orin Yorùbá Láti 1922

Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò tíì máa lo makirofóònù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin ń dojú kọ. Agbára ohùn rẹ̀ ló ń mi abẹ́rẹ́ tí ó ń fín poro sára àwo ìda. Ọ̀nà yìí kì í sábà gba ìró tí ìgbì rẹ̀ bá ju nǹkan bí 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọdún 1925 ni ìgbohùnsílẹ̀ oníná mànàmáná dé, tí ó sì mú ìwọ̀n náà gbòòrò. Òye yìí ni ìpìlẹ̀ ìdájọ́ èyíkéyìí lórí àtúntẹ̀: àtúntẹ̀ kò lè dá ohun tí kò sí nínú ìgbohùnsílẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó lè pàdánù ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí àtúntẹ̀ ń gbà wáyé ju ẹyọ kan lọ. Bí téèpù ìpilẹ̀ bá wà, inú rẹ̀ ni wọn yóò ti gba ohùn. Ẹ̀rọ yóò fín ohùn náà sójú àwo tí wọ́n fi láákà bò. Wọn yóò fi fàdákà àti níkẹ́ẹ̀lì bo ìyẹn láti ṣe òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ ni wọn yóò sì fi tẹ ike gbígbóná di àwo. Bí téèpù kò bá sí, wọn ní láti wá àwo àtijọ́ tí ó dára jù lọ, kí wọ́n ṣe àdàkọ láti ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún orin tó pẹ́ jù nínú Juju Roots: 1930s–1950s, tí Rounder gbé jáde ní 1985, àti fún Living Is Hard, tí Honest Jon's ṣe ní 2008 láti inú ibi ìpamọ́ EMI ní Hayes, lórí orin tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin 1927 àti 1929.

Ìpinnu méjì ló kọ́kọ́ dojú kọ ẹni tí ó ń da àwo ṣẹ́láàkì kọ. Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́. Poro àwo ṣẹ́láàkì fẹ̀: nǹkan bí 0.07 mílímítà ni orí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ti àwo ike sì jẹ́ nǹkan bí 0.02. Abẹ́rẹ́ kékeré yóò máa wọ́ nísàlẹ̀ poro, níbi tí ìdọ̀tí wà. Èkejì ni eré. Kì í ṣe gbogbo àwo ìgbà náà ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìyípo 78 ní ìṣẹ́jú kan. Bí èyí tí wọ́n gbà ní 80 bá ń yí ní 78, ohùn yóò lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, orin yóò sì falẹ̀. Èyí kò yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, nítorí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ jọ sọ̀ kalẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tí ó bá ń wádìí bí ohùn akọrin ti rí, tàbí bí ijó ṣe yá tó, yóò ṣìnà.

Ewu tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú fífọ ariwo kúrò. Ariwo àwo ṣẹ́láàkì a máa ta bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Ibi ìró tín-ín-rín ni etí ti ń gbọ́ ọ jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ kọ́ńsónáǹtì s àti ṣ wà. Agbára ìró s sábà wà lókè ìgbì 4,000. Ti ṣ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Bí olùtúntẹ̀ bá gé ìró tín-ín-rín dànù kí àwo lè dákẹ́ rọ́rọ́, sẹ́ inú sísẹ́ ọ̀rọ̀ àti ṣẹ́ inú ṣíṣẹ́ igi lè di ọ̀kan náà létí. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá adùn orin. Àwọn ará Ìbàdàn kan a máa sọ isu dípò iṣu. Onímọ̀ ẹ̀ka-èdè tí ó bá gbára lé irú àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè ka iṣẹ́ ẹ̀rọ sí ẹ̀ka-èdè akọrin. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo náà lè rì, kí ẹni tí kò mọ̀ rò pé wọn kò sí nínú agbo. Nítorí náà, ariwo díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lè jẹ́ àmì ìṣọ́ra.

Ìtẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀. Bí ihò àwo kò bá bọ́ sí àárín gan-an, ohùn yóò máa lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.8, tí í ṣe àkókò ìyípo kan ní eré 33⅓. Etí tètè ń mú un nígbà tí gòjé inú sákárà bá ń fa ohùn kan lọ. Gígùn orin tún ṣe pàtàkì. Ní etí àwo 12 ínǹsì, poro ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú àáyá. Nítòsí àárín, ó kù sí nǹkan bí 21. Ibẹ̀ ni s ti ń fọ́. Ọ̀pọ̀ eléré jùjú àti fújì a máa so orin pọ̀ títí ojú àwo kan yóò fi tán, nítorí náà àwọn tí wọ́n kì gbẹ̀yìn ni oríkì wọn ń jìyà jù. Bí olùtúntẹ̀ bá tún há orin púpọ̀ sójú kan, ó ní láti dín agbára ohùn kù, ariwo ojú àwo yóò sì borí.

Ohun tí àwọn oníṣòwò ń polówó jù ni ìwúwo, ìyẹn àwo 180 gíráàmù. Ìwúwo kò dá ohùn. Ohun tí wọ́n fín sínú poro ni abẹ́rẹ́ yóò kà, ì báà jẹ́ lára àwo 120 gíráàmù. Páálí tó ń dán kò sì tó ẹ̀rí. Fún orin ìgbà téèpù, bí irú èyí tí Haruna Ishola ń ṣe nígbà tí ó dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá téèpù ni olùtúntẹ̀ lò tàbí àwo. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú lílo àwo nígbà tí téèpù kò bá sí. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú fífi í pamọ́.

Onímọ̀ tí ó ń ka ìwé àfọwọ́kọ kì í ṣàì béèrè ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan náà tọ́ sí àwo orin. Ó yẹ kí iṣẹ́ ìwádìí dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ àwo, ọdún rẹ̀, àti orísun ohùn, kí ó sì fi àtúntẹ̀ wé àwo àkọ́kọ́ níbi tí ó bá ṣeé ṣe. Bí ìwé kan bá kọ ọ́ pé akọrin sọ sẹ́, kì í sì í ṣe ṣẹ́, kí ó kọ pẹ̀lú pé ara àwo wo ni wọ́n ti gbọ́ ọ.