Ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, Lójú Omi àti Lójú Ọ̀run

Bí a bá bi àgbàlagbà kan tí ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú 1960 pé báwo ni ìlú náà ti jìnnà sí Èkó tó, ọjọ́ ni yóò fi dáhùn. Bí a bá bi ọmọ-ọmọ rẹ̀, wákàtí ni yóò fi dáhùn. Síbẹ̀ ilẹ̀ kò sún. Bí a bá na okùn tààrà láti ìlú kan dé èkejì, nǹkan bí 3,100 máìlì ni, èyí tí í ṣe 5,000 kìlómítà.

Ní 1852 ni ẹgbẹ́ ọkọ̀ Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kó lẹ́tà wá sí etíkun wa. Ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, Forerunner, rì lẹ́bàá Madeira ní 1854. Ẹni tí ó bá sì dé Èkó láyọ̀ kò ì tíì dé ilé, nítorí yanrìn dí ẹnu ọ̀sà. Òde ni ọkọ̀ ńlá ń dúró. A ó fi okùn sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré bí ẹni ń sọ garawa sínú kànga, ìgbì a sì máa gbá wọn lójú. Ní 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta sínú òkun láti dá ìgbì dúró, ó sì di 1914 kí ọkọ̀ ńlá tó wọlé.

Ogun fi kún ewu náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1917, ọkọ̀ Apapa tí ó ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Liverpool tán, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì rì í. Ènìyàn 77 ni ó kú, nítòsí èbúté.

Ní 1936 ni Imperial Airways mú ọkọ̀ òfuurufú dé Kánò, lẹ́yìn náà Èkó, ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà rẹ̀: Íjíbítì ni a ó kọ́kọ́ lọ, a ó dé Khartoum, kí a tó yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, bí ẹni tí ó fẹ́ ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta tí ó gba Oǹdó! Nítorí náà, ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ṣì ń gbà. Ọkọ̀ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, a máa lo nǹkan bí ọjọ́ 13 láti Liverpool dé Èkó. A fẹ́ràn láti rántí pé ọjọ́ wọ̀nyí wúlò: akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ òtútù díẹ̀díẹ̀ kí ó tó gúnlẹ̀, ó sì ti ní ọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1964, ọkọ̀ òfuurufú VC10 kó èrò fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ètò ìrìn-àjò rẹ̀, ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó gan-an ni a sì fi í sí. Lónìí, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ tó, lórí aṣálẹ̀ Sàhárà. Nítorí pé Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù gan-an, aago kò yàtọ̀ ju wákàtí kan lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, kò yàtọ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọdún kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Títí di 1962, ọmọ Nàìjíríà tí ó ní owó ọkọ̀ lè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún náà ni òfin tuntun ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ọdún méjì ṣáájú ọkọ̀ VC10. Òfin mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí yóò fi wákàtí mẹ́fà fò lónìí a máa fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dúró de ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, ìgbà mìíràn ju ọjọ́ 13 tí bàbá rẹ̀ fi wà nínú Aureol lọ.