Nígbà Tí Ìbò Bá Di Ìkànìyàn



Bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá délẹ̀ láàárín wa, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó ní: "Àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ yìí ò gbọ́ra wọn yé, ìdí nìyẹn tí ṣọ́jà fi gbàjọba léraléra." Ṣé lóòótọ́ ni? Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Donald Horowitz, ti Yunifásítì Duke, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Éṣíà, ní Áfíríkà àti ní àwọn erékùṣù Caribbean. Ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, Ethnic Groups in Conflict, jáde ní 1985.

Ohun tó sọ ni pé kì í ṣe pé èdè wa yàtọ̀ síra ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bá ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí kálukú bá ń dìbò fún ẹgbẹ́ ilé baba rẹ̀, ìbò ò jẹ́ ìbò mọ́, ìkànìyàn ló dà. Ẹ̀yà tó pọ̀ jù ti wọlé kí wọ́n tó ṣí àpótí. Ẹ̀yà tó kéré sì ti mọ̀ pé bí òun dìbò nígbà ọgọ́rùn-ún, òfo ni. Ẹni tí kò lè fi ìbò rí nǹkan kan mọ́ á máa wo ojú ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́.

Ẹ wo Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí. Ní 1956, àwọn tó ṣèlérí pé Sinhala nìkan ni yóò jẹ́ èdè ìjọba ló wọlé ìbò. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1962, àwọn ọ̀gá ológun àti ọ̀gá ọlọ́pàá kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Kristẹni, gbìmọ̀ láti gbàjọba. Àṣírí tú, wọ́n kó wọn. Horowitz wá àwọn tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà rí, ó bi wọ́n léèrè ohun tó sún wọn débẹ̀, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1980. Ohun tó rí ni pé ìjà ìgboro kì í dúró sẹ́nu géètì bárékè. Ó tún kìlọ̀ pé bí olóṣèlú bá ń kó ọmọ ẹ̀yà tirẹ̀ kún inú ológun kí ìjọba má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an lè mú kí àwọn ọ̀gá tó kù tètè gbàjọba kó tó pẹ́ jù.

Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ìbò 1964 dàrú, ti Ìwọ̀ Oòrùn ní 1965 di "wẹ́tìẹ̀". Ní oṣù Kìn-ín-ní 1966 ṣọ́jà dé. Púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọn jẹ́ Ìgbò, ó sì jẹ́ pé àwọn olórí Àríwá àti Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n pa jù. Ní oṣù Keje, àwọn ṣọ́jà Àríwá gbẹ̀san. Lẹ́yìn náà ni ogun, 1967 sí 1970.

Ìyẹn ló jẹ́ kí òfin 1979 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún rí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Horowitz gbóríyìn fún òfin yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà ò ní gbàgbé "méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta", ẹjọ́ tí Awólọ́wọ̀ pe Shagari, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá Shagari láre. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn wa wọra. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìbínú ẹjọ́ náà bo ọgbọ́n tó wà nínú òfin náà mọ́lẹ̀: kò sí ẹni tó lè jókòó sí ìlú baba rẹ̀ kó di Ààrẹ.

Ẹ wá wo June 12, 1993. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, gbégbá orókè ní Kánò, ìpínlẹ̀ Tofa tí wọ́n jọ du ipò. Ìbò ọjọ́ náà kì í ṣe ìkànìyàn rárá. Ohun tí Horowitz ní ó ṣeé ṣe, àwa ṣe é. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní June 23, ìjọba Babangida fagi lé e. Ṣé àwọn ẹ̀yà ò gbọ́ra wọn yé lọ́jọ́ náà ni?

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, bó ti rí ní 1966 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1993, àwa aráàlú ti rẹ́ ògiri tán. Inú ilé ni aláǹgbá wà, láti ìparí 1983 ló ti wọlé, kò sì fẹ́ jáde. Òfin tó dára lè tún ìwà olùdìbò ṣe, kò lè lé ẹni tó ti di ìbọn mú kúrò lórí àga. Ìjà aráàlú fúnra wọn, àtìmọ́lé, ìgbèkùn àti ẹ̀mí tó sọnù, títí kan ti Abíọ́lá ní 1998, wà lára ohun tó mú kí ṣọ́jà padà sí bárékè ní May 29, 1999.

Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ṣì wà nínú òfin 1999 tí à ń lò. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Gọ́fúmẹ́ǹtì, bí ọmọ kan bá dìde ní kíláàsì tó ní ẹ̀yà ló mú ṣọ́jà wá, ẹ sọ June 12 fún un. Kó mọ̀ pé àwọn òbí òun ti dìbò kọjá ẹ̀yà rí, àti ẹni tó gba ìbò náà lọ́wọ́ wọn.