Sítóòfù onípọ́ǹpù: Ohun tó ń ba pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe

Ní Ìwòyè-Kétu àti àwọn abúlé oko tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe gbogbo ilé ló ń fi gáàsì dáná. Igi wà, èédú wà, sítóòfù olówùú wà, àwọn kan sì ṣì ń tọ́jú sítóòfù onípọ́ǹpù, èyí tó máa ń hó ṣìì bí iná rẹ̀ bá ti dúró. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kì í fẹ́ fi í sílẹ̀: iná rẹ̀ le, kì í sì í mú ìdí ìkòkò dúdú. Àmọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ó di ẹrù lásán. Tí wọ́n bá sì tún un ṣe lódì, ó lè di jàǹbá.

Frans Wilhelm Lindqvist, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló ṣe irú sítóòfù yìí ní ìlú Stockholm lọ́dún 1892, Primus ni wọ́n sì pè é. Irú rẹ̀ làwọn tó kọ́kọ́ dé orí òkè Everest lọ́dún 1953 gbé dání. Èyí táwọn arìnrìn-àjò ń lò lóde òní sábà máa ń ní ìgò dípò táǹkì idẹ, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni pọ́ǹpù rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́.

Bí pọ́ǹpù ṣe ń ṣiṣẹ́

Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pọ́ǹpù ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún táyà kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá kan wà nínú ihò róbótó, awọ tó rí bí ife kékeré sì wà ní ìdí ọ̀pá náà. Tí wọ́n bá tẹ ọ̀pá wọlé, etí awọ á fẹ̀ mọ́ ara ihò, á sì ti afẹ́fẹ́ síwájú. Ní ìsàlẹ̀ ihò ni fáàfù kékeré wà, tó ní sípíríǹgì àti rọ́bà bíńtín. Iṣẹ́ fáàfù yìí ni pé kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ táǹkì, kó má sì jẹ́ kó padà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú táǹkì ló ń ti kẹrosíìnì gòkè lọ sí orí iná, ibẹ̀ ni ooru ti ń sọ ọ́ di oru kó tó jó.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun, iná gbọ́dọ̀ ti kú, sítóòfù gbọ́dọ̀ ti tutù, kí wọ́n sì ti ṣí síkúrù kékeré tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, níbi tí kò sí àdògán, sìgá tàbí àtùpà.

Tí pọ́ǹpù bá fúyẹ́ lọ́wọ́

Tí ọ̀pá bá ń wọlé tó ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí kò le rárá, awọ ló sábà máa ń gbẹ. Ó ti súnkì, kò kan ara ihò mọ́. Ojú ọ̀run ọyẹ́ máa ń mú kí èyí tètè ṣẹlẹ̀. Wọ́n á tú ìdérí pọ́ǹpù, wọ́n á fa ọ̀pá jáde, wọ́n á sì kán òróró ẹ̀rọ díẹ̀ sí awọ náà. Kí wọ́n fi ìka rọ ọ́ títí á fi rọ̀, kí wọ́n wá tẹ etí rẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá ń dá a padà, ojú tó ṣí lára awọ ló gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí wọ́n sì máa yí i wọlé pẹ̀lẹ́ kí etí rẹ̀ má baà ká. Awọ tó ti ya kò gbọ́ òróró, ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Òróró ìsebẹ̀ kò dára fún un, torí ó máa ń dì bó bá pẹ́.

Tí ọ̀pá bá ń ti ọwọ́ padà

Tí ọ̀pá bá ń dìde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí kẹrosíìnì bá ń yọ nídìí rẹ̀, fáàfù ìsàlẹ̀ ni kò dí mọ́. Ìdọ̀tí lè há sí i, rọ́bà rẹ̀ sì lè ti le. Èyí ló léwu jù. Kí wọ́n má tan irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ rárá, torí epo lè tú jáde lójijì sára iná. Sípánà tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tú fáàfù náà. Ẹni tí kò bá ní in, kó gbé e fún alátùn-únṣe. Kí wọ́n fi ìṣó tàbí ọ̀bẹ wá a jáde, bíbà ni wọ́n ń ba sítóòfù jẹ́.

Tí pọ́ǹpù bá le, àmọ́ tí iná ò dúró

Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé dáadáa tó sì tún ń dín kù, ó ń jò níbòmíràn: wọ́ṣà ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, síkúrù afẹ́fẹ́, tàbí oríkèé ọ̀pá iná. Kí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mélòó kan nígbà tó tutù, kí wọ́n wá fi ìfófòó ọṣẹ pa á lára. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ìṣáná kọ́ ni wọ́n fi ń wá a.

Tí kò bá jò, tí iná sì kéré, ihò orí iná ló dí. Abẹ́rẹ́ tó bá a mu ni wọ́n fi ń là á. Iná pupa tó ń ga fìrìfìrì sì fi hàn pé orí iná kò tíì gbóná tó. Kí wọ́n má fún un sí i. Kí wọ́n ṣí síkúrù afẹ́fẹ́ kó lè kú, kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n wá fi sípíríìtì yá a gbóná dáadáa.

Epo tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì

Ní November 2019, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ìwòyè-Kétu wà létí ààlà Benin. Níbi tí ilé epo bá ti wọ́n, kẹ́ẹ̀gì ló ń di ilé epo, kẹ́ẹ̀gì tó sì ru bẹntiróò lánàá lè ru kẹrosíìnì lónìí.

Ewu rẹ̀ rèé: kẹrosíìnì gidi sábà máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 Celsius kí oru rẹ̀ tó lè gbaná, àmọ́ bẹntiróò ń tú oru tó lè gbaná kódà nínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ. Bẹntiróò díẹ̀ nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ há sí lè sun odidi ilé. Kẹrosíìnì tó bá ń rùn bíi bẹntiróò, kí wọ́n má rọ ọ́ sí sítóòfù. Kí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì dá wà, kí wọ́n sì fi asẹ́ sẹ́ epo kó tó wọ táǹkì. Kí wọ́n má rọ ọ́ kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táǹkì, kí wọ́n má sì rọ epo nígbà tí iná bá ń jó.

Tí iná bá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin, ògì àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ gbé sítóòfù pamọ́, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí wọ́n da epo rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì kán òróró ẹ̀rọ sí awọ pọ́ǹpù. Kí wọ́n tó tún tan án, awọ yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.