Èébú Gẹ̀ẹ́sì Nínú Ọ̀rọ̀ Ojoojúmọ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ẹ̀sìn ni orísun púpọ̀ nínú èébú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdálẹ́bi sí ọ̀run àpáàdì ni 'damn' túmọ̀ sí. Ní 1606, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bu owó ìtanràn lé òṣèré tó bá fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré lórí ìtàgé. Ní 1914, 'bloody' kan ṣoṣo nínú eré Pygmalion tí Shaw kọ di ariwo ní London.

Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dé Nàìjíríà, ẹ̀rù ẹ̀sìn náà kò bá wọn dé. Lábẹ́ ìjọba ológun (1966–1979 àti 1983–1999), 'bloody civilian' di èébú tí sójà fi ń fi ipò hàn.

Àkókó jẹ́ agbègbè elédè púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára ohun tí ń so wọ́n pọ̀. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bí i ti ìlú Yorùbá yòókù, ẹni tí a sọ̀rọ̀ sí ni a fi ń díwọ̀n èébú: ohun tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ di àrífín bí ọmọdé bá sọ ọ́ sí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá lédè abínibí lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ láìtijú. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń rùn, bí kò ṣe àjọṣe tí ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́.