Boycott: Orúkọ Ènìyàn Tí Ó Di Ọ̀rọ̀

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá kéde pé òun kò ní bá wọn dìbò, boycott ni àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìdẹ́yẹsí ni Yorùbá ń pe èyí tí ó sún mọ́ ọn jù. Orúkọ ènìyàn ni boycott. Ẹni tí ń jẹ́ ẹ kọ́ ni ó sì dá àṣà náà sílẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ṣe é sí.

Charles Boycott ni aṣojú onílẹ̀ kan, Lord Erne, ní Mayo, ní Írẹ́lándì. Ní 1880, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó ìṣákọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n rí gbà kò tó wọn, Boycott sì fẹ́ lé àwọn tí kò san án. Parnell, olóṣèlú, ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn ní Ennis pé ìdẹ́yẹsí sàn ju ìwà ipá lọ. Àwọn alágbàṣe bá fi oko Boycott sílẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò tà fún un mọ́. Àádọ́ta òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó wá láti Ulster láti bá a kórè, tàwọn ti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ṣójà. Owó tí ìjọba ná sórí ààbò wọn ju iye irè oko náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po! Kí ọdún tó parí, ọkùnrin náà ti kó lọ.

Ti ìdìbò yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1964, ẹgbẹ́ UPGA ní Nàìjíríà kọ̀ láti dìbò àpapọ̀. Ìhà Ìlà-Oòrùn gbọ́ tiwọn. Níbòmíràn wọ́n dìbò, àwọn alátakò sì wọlé. Oṣù Kẹta 1965 ni Ìlà-Oòrùn tó dìbò, nígbà tí Balewa ti gbé ìjọba kalẹ̀.