Hubert Ògúndé nínú Sinimá Mister Johnson

Iṣẹ́ ìkẹyìn tí Olóyè Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe níwájú ẹ̀rọ sinimá kì í ṣe tirẹ̀. Bruce Beresford, ará Ọsirélíà, ni ó darí Mister Johnson, ìtàn akọ̀wé ìjọba amúnisìn tí ó fi ọgbọ́n èrú wá owó tí ọ̀gá rẹ̀ fi la ọ̀nà, tí ó wá jalè, tí ó pa òyìnbó onísọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá náà sì yìnbọn pa níkẹyìn. Bírímà, baba ìyàwó akọ̀wé yìí, ni Ògúndé ṣe. Ẹni tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tí ó sì ti ń darí ẹgbẹ́ òṣèré láti 1945, wá di àna ọ̀daràn! Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1990, kí sinimá náà tó jáde.

Kì í ṣe pé ènìyàn dúdú ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Maynard Eziashi, tí ó ṣe Johnson, gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tí ó dára jù lọ ní Berlin ní 1991. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ojú tí a fi wò wọ́n. Inú ìwé tí Joyce Cary kọ ní 1939 ni ìtàn náà ti wá, ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn bínú sí, tí Chinua Achebe sì fi Things Fall Apart fèsì sí ní 1958. Johnson ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó, ó ń jalè. A kò rí ilé baba rẹ̀.

Nínú Aiye (1979), Ògúndé ni Òṣẹ́túrá, akọni tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Yorùbá tí ó wò ó kò nílò ògbufọ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn obìnrin ni Aiye di ẹrù ìkà lé lórí jù, bí Cary ti di ẹrù olè lé Johnson lórí.